Ìgbà Tí Gbèsè Dé Ni Wọ́n Tó Béèrè Ìlú Mi

Ìlú mi kò jìnnà sí Èkó. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó kà mí sí ẹni tó rìnrìn àjò. Tí ọmọ Festac bá ń lọ sí Kánádà, wọ́n á gbàdúrà fún un nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n á sunkún. Èmi wá láti Sákétẹ́, ní ìhà kejì bọ́dà, níbi tí ìjọba ti ń sọ Faransé tí àwa ará ilé sì ń sọ Yorùbá. Ẹni tó bá jáde ní Èkó láàárọ̀ lè dé ilé wa kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jí nílẹ̀ onílẹ̀ rí, tí kò rí ẹnì kan bi í pé ṣé ó sùn dáadáa, á mọ̀ pé kì í ṣe gígùn ọ̀nà la fi ń mọ àjò.

Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú ni èdè. Mo ti fọkàn sí i pé Yorùbá ni Yorùbá ń jẹ́. Mo dé Alákijà, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ń sáré lẹ́nu wọn ju bí etí mi ṣe lè gbé e lọ. Gẹ̀ẹ́sì máa ń bẹ́ gìjà sáàárín ọ̀rọ̀, pijin á tẹ̀ lé e, kí n tó rí ìdí ọ̀rọ̀ kan, ẹni tó ń sọ ọ́ á ti kọjá. Mo pe fìríìjì ní fìrìgó lójú oníbàárà kan bí a ṣe ń pè é nílé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Madámù Kùtọ̀nú, bẹ́ẹ̀ mi ò gbé Kùtọ̀nú rí láyé mi. Àwọn mìíràn ń pè mí ní Àgànyìn. Tí mo bá ní Yorùbá ni mí, wọ́n á ní, Yorùbá ibo? Mo kọ́kọ́ máa ń ṣàlàyé. Nígbà tó yá, ó sú mi.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ṣe ni aṣọ lílọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù afọṣọ kan ní Festac. Láti àárọ̀ dé àṣálẹ́ ni mo máa ń dúró sídìí tábìlì, tí ooru áyọ́ọ̀nù á máa fẹ́ sí mi lójú. Ṣẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì pọ̀ bí ewé. Mo mọ àwọn èèyàn nípa ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì wọn kí n tó mọ ojú wọn. Bí mo bá padà sí yàrá mi ní Alákijà, ẹsẹ̀ mi á ti wú, mi ò sì ní rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ju ìyá mi tí mo máa ń pè lórí fóònù lọ. Ìyá mi kì í béèrè bóyá ó rẹ̀ mí. Ó máa ń béèrè ohun tí mo jẹ. Tí mo bá ní ẹ̀bà ni, á ní ṣé ọbẹ̀ náà ní ẹja nínú, màá ní ó ní, kódà nígbà tó jẹ́ ata àti epo lásán ni.

Èèyàn kan ṣoṣo ló sọ àjò náà di ibùgbé fún mi. Àlàájà ni. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, opó, ó ń ta ìpápánu àti oúnjẹ tútù ní Raji Rasaki Estate: mílíìkì, ṣúgà, búrẹ́dì, ẹja àti adìyẹ inú yìnyín. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ń gbà tí mo bá lọ gbé aṣọ fún àwọn oníbàárà ọ̀gá mi. Òjò ká mi mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sá wọlé tòun ti ẹrù aṣọ lórí. Ó wò mí, ó gbọ́ bí mo ṣe kí i, ó sì bi mí pé ìlú wo nìyẹn. Nígbà tí mo sọ fún un, kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Èkó kì í ṣe ìlú bàbá tèmi náà. Fa àga yẹn, kí o jókòó."

Bí ọ̀rẹ́ ìyá àti ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wa nìyẹn. Tí Ààwẹ̀ bá dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ṣínu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Àgùdà ni mí, mi ò sì gba ààwẹ̀ kankan. Ó máa ń sọ pé ebi kò mọ ẹ̀sìn. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, òun ló gbé omi ìgbóná wá. Ìyá mi mọ ohùn rẹ̀ lórí fóònù. Àwọn méjèèjì á máa kí ara wọn títí káàdì á fi fẹ́ẹ̀ tán, wọn ò sì ríra rí.

Mo fi àjọ kó owó jọ, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré tèmi nínú ẹ̀sìtéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Mo ra ọṣẹ, mo ra sítáàṣì, mo ra áyọ́ọ̀nù méjì. Ọwọ́ ni mo fi ń fọ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kan pátákó orúkọ mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sọdá sí òdìkejì títì, mo dúró ń wò ó bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà. Mo pe ìyá mi, mo ní mo ti di ọ̀gá. Ó ní kí n rọra, pé ẹsẹ̀ àlejò kì í gùn nílé onílé. Inú bí mi sí i díẹ̀.

Iṣẹ́ ń wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí Festac, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù, kò láyè fífọ aṣọ. Wọ́n á kó o wá lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á ní ọjọ́ Ajé ni àwọn fẹ́ ẹ. Nínú wọn ni Tóyìn, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́yà nígbà náà, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àfi èmi. Ọwọ́ mi méjèèjì kò ká a mọ́. Ìgbà yẹn ni báńkì wá.

Èmi kọ́ ni mo lọ bá báńkì. Báńkì ló wá bá mi. Wọ́n rán ọmọbìnrin kan tó wọ kóòtù, tó sì fi bàtà gíga sínú báàgì nítorí ẹrọ̀fọ̀. Ó wá, ó tún wá. Ó ń pè mí ní Mọ́mì, ó ń ní kí n wo bí àwọn tó yá owó lọ́dọ̀ àwọn ṣe ń fi ẹ̀rọ fọṣọ. Ó wo ṣọ́ọ̀bù mi, ó ka àwọn aṣọ tó wà lára hángà, ó béèrè ẹni tó máa ṣe onídùúró mi. Mo mú káàdì ìgbélùú mi jáde nítorí mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ti bàjẹ́. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ní kò sí wàhálà rárá. Kò béèrè ibi tí Sákétẹ́ wà.

Àlàájà ni mo lọ bẹ̀ kó dúró fún mi. Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti fìrísà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn á gbé bí mi ò bá san. Kò béèrè èlé, kò béèrè iye ọdún. Ó kàn wo ojú mi.

"Ṣé o lè san án?"

Mo ní mo lè san án. Ní wákàtí tí mo sọ ọ́, òótọ́ ni.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá dé, tòkunbọ̀, pẹ̀lú èyí tó ń gbẹ aṣọ àti jẹnẹrétọ̀ tó ń mu dísù. A tan án, gbogbo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ń gbọ̀n. Àlàájà bu omi mu, ó ṣàdúrà lé e lórí, èmi fi àmì àgbélébùú ya ara mi. Mo fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Wọ́n ní ìyá mi gbé fóònù kiri àdúgbò, pé kí wọ́n wá wo ẹ̀rọ ọmọ òun ní Nàìjíríà. Àwọn ìbátan tó ti gbàgbé orúkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Mo san owó ilé ìwé fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Fún ìgbà díẹ̀, mo gbàgbé pé àlejò ni mí.

Mi ò lè tọ́ka sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Dísù wọ́n, ó tún wọ́n sí i, ó wá di pé tí mo bá tan jẹnẹrétọ̀, owó tí mo ń jó nínú rẹ̀ ju owó tí mo ń rí lórí aṣọ lọ. Iná ìjọba ń wá bí ó ṣe wù ú. Mo fi kún owó aṣọ, àwọn kan bínú, wọ́n lọ. Èyí tó dùn mí jù ni àwọn tí kò bínú. Wọ́n á kó kóòtù tó nípọn wá, tí ìdọ̀tí kankan kò sí lára rẹ̀, wọ́n á ní, "Madámù, ẹ bá mi tún un ṣe dáadáa, ibi tí mò ń lọ tutù." Màá fọ̀ ọ́, màá lọ̀ ọ́, màá gbé e kọ́. Ẹni náà á wá gbé e, á dì mọ́ mi, mi ò sì ní rí i mọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tán lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo kúrò nílé wá sọ́dọ̀ wọn, èmi ni mo ń fọ aṣọ tí wọ́n fi ń sá lọ.

Owó báńkì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Oṣù tí mi ò rí i san pé, wọ́n fi owó ìtanràn lé e. Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo yá owó lórí fóònù láti fi dí i. Àwọn áàpù ayánilówó yẹn kì í béèrè onídùúró. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí o jẹ́ kí wọ́n wo inú fóònù rẹ, kí wọ́n kó gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Owó á wọlé kí o tó ṣẹ́jú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wàrà tí mo ń fún nínú ọmú kan ni mo ń dà sínú èkejì. Mo yá lọ́wọ́ ọ̀kan láti san fún òmíràn, títí ó fi di pé kò sí èyí tí mo lè san nínú wọn.

Ọ̀sán kan ni ìyá mi pè mí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àkókò tó máa ń pè. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbi òkú. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì kan wọ orí fóònù òun, fọ́tò mi sì wà níbẹ̀. Ó rò pé ìròyìn ayọ̀ ni. Ó gbé e lọ bá tíṣà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní àdúgbò wa, lójú àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan gàrí. Tíṣà náà kà á sókè, ó túmọ̀ rẹ̀ kó tó rí i pé kò yẹ kí òun túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé olè ni mí, pé mo ti gbé owó sá lọ, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ mí sọ fún mi kí n dá owó olówó padà.

Mo ń ṣàlàyé, mo ń kólòlò. Ìyá mi jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Ó ní, "Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi kì í jalè. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Mo ní mi ò jalè. Ó ní ó dáa, ó sì pa fóònù. Kò béèrè ohun tí mo jẹ.

Gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi ni wọ́n fi iṣẹ́ náà rán sí: oníbàárà, onílé mi, ẹni tó ń ta sítáàṣì fún mi, àlùfáà ìjọ wa. Mo máa ń rìn ní Alákijà, ojú àwọn èèyàn á sá fún ojú mi. Ìtìjú ní ìlú ẹni, ó ní ìbátan tó máa bá ọ pín in. Ẹnì kan á sọ pé, "Mo mọ bàbá rẹ̀, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wọn." Ní ìlú onílùú, kò sẹ́ni tó mọ bàbá ẹni. Ohun tí wọ́n bá kọ sórí fóònù nípa rẹ, òun ni ìtàn rẹ.

Báńkì ránṣẹ́ pè mí. Ọmọbìnrin tó ń pè mí ní Mọ́mì kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ní ó ti rí iṣẹ́ síbòmíràn. Ọkùnrin kan tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ gbígba gbèsè ló jókòó dè mí. Kò pariwo. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí ní ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó bi mí nígbà tí wọ́n ń fún mi lówó.

"Madámù, níbo gan-an ni ìlú yín?"

Mo ní Sákétẹ́. Ó ní lórílẹ̀-èdè wo. Mo sọ fún un. Ó wo ẹni tó jókòó tì í, wọ́n mi orí. Ó ní ṣé mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi le, pé ẹni tó lè sọdá bọ́dà lówùúrọ̀ ọ̀la kò ṣeé fún lákòókò. Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Èkó, pé mo lè ti sá lọ látìgbà tí gbèsè ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, mi ò sá. Ó ní gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sá ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá ní onídùúró mi kò lè sá, nítorí àwọn mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ nínú ọ́fíìsì tí wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù sí, lórí táìlì tó tutù bí omi kànga. Ó ní kí n dìde, pé kámẹ́rà wà.

Kí n tó rí ọ̀nà gbé e gbà, wọ́n ti gbé ọkọ̀ lọ sí Raji Rasaki. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, fìrísà kejì ni wọ́n ń gbé jáde. Wọ́n ti kó ẹja àti adìyẹ inú rẹ̀ sílẹ̀ lórí àpò, omi yìnyín ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ sí gọ́tà. Àwọn ará ẹ̀sìtéètì dúró lójú fèrèsé. Àlàájà jókòó sórí àga tó ní kí n fà jókòó nígbà tí mi ò mọ ẹnì kankan. Kò bá àwọn ọkùnrin náà jà. Mo wólẹ̀ síwájú rẹ̀, ẹkún ń gbé mi.

Ó ní, "Má sunkún níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn oníbàárà ń wò."

Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ nìyẹn lọ́jọ́ náà. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ń kọjá kí wọ́n wá ra ẹja ní ẹ̀dínwó kó tó bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, màá ṣí ilẹ̀kùn, màá jókòó láìtan nǹkan kan. Mo máa ń ro ilé. Kò sí ohun tó rọrùn tó kí n wọ ọkọ̀ sí bọ́dà. Ọkùnrin báńkì yẹn kò parọ́ pé mo lè sá. Ohun tí kò mọ̀ ni pé mi ò ní ibi tí mo lè sá dé. Sákétẹ́ ti gbọ́ pé olè ni mí. Èkó mọ̀ pé mo jẹ gbèsè. Bọ́dà yẹn ti wá dà bí okùn tí wọ́n ta sí agbede méjì, tí èmi sì so kọ́ lórí rẹ̀.

Tóyìn ló wá bá mi níbẹ̀. Ó ti di lọ́yà. Òun náà gba iṣẹ́ burúkú yẹn lórí fóònù rẹ̀. Mo rò pé aṣọ rẹ̀ ló wá gbà kí báńkì tó tì ṣọ́ọ̀bù pa. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí n sọ gbogbo ẹni tí mo jẹ lówó fún òun, kí n má fi ìkankan pamọ́ nítorí ìtìjú. Mo sọ ọ́. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó ní ọ̀nà kan wà: kí a kó gbogbo wọn pọ̀, kí wọ́n gbà pé èlé dúró síbi tó dé, kí n ta ohun tí mo ní, kí n sì máa mú iye kan wá lóṣooṣù, kí wọ́n máa pín in bí gbèsè kálukú ṣe tó. Tí wọ́n bá gbà, adájọ́ á fọwọ́ sí i, kò sì ní sẹ́ni tó lè tún dà mí láàmú níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń san.

Mo béèrè pé èló ni màá san fún òun. Ó ní kí n má bú òun.

Ó kọ̀wé sí gbogbo wọn. Àwọn áàpù kan kò dáhùn rárá. Ó wá àdírẹ́sì wọn títí, ilé tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n níbẹ̀ ló ń bá. Wọ́n ní ẹnu tó lè bú èèyàn, wọn ò ní ojú tí èèyàn lè wò. Àwọn mìíràn gbà, nítorí ohun díẹ̀ sàn ju òfo lọ. Báńkì náà gbà, lẹ́yìn ìpàdé tó gùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní fìrísà onídùúró máa wà lọ́wọ́ àwọn títí màá fi san ìdajì, tàbí kí wọ́n tà wọ́n.

Tóyìn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní èyí tí wọ́n fún wa yìí dáa, pé òun ti rí èyí tó burú jù ú lọ, kí n fọwọ́ sí i. Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i tí fìrísà Àlàájà kò bá jáde. Ó bi mí pé kí ni mo ní tí màá fi gbà á. Mo ti ta ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀ ní owó tó dà bí ẹni pé mo fi wọ́n tọrẹ. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo lè pè ní tèmi lábẹ́ ọ̀run. Ilẹ̀ kan ni, lọ́nà Ìfọ̀nyìn, tí bàbá mi pín fún mi kó tó kú, níbi tí mo ń rò pé màá kọ́ ilé sí nígbà tí mo bá darúgbó.

Mo pe ìyá mi. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ ta ilẹ̀ náà.

Ó ní, "Ìwọ ni wọ́n fún, èmi kọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá tà á, níbo lo máa padà wá sí?"

Mo ní Àlàájà ni wọ́n gbé fìrísà rẹ̀ lọ nítorí mi.

Ó ní, "Ìyá tó ń ta ẹja yẹn, ṣé ó ṣe ọ́ lóore?"

Mo ní ó ṣe mí lóore.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun á bá àwọn àbúrò bàbá mi sọ̀rọ̀. Wọn ò bá a jà tó bí mo ṣe rò. Ọkùnrin ará Èkó kan ló ra ilẹ̀ náà, wọ́n ní ó ń wá ibi tó dákẹ́ tó máa kọ́lé sí, pé Nàìjíríà ti sú u. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí owó náà dé, mo san ìdajì gbèsè báńkì, a sì lọ síwájú adájọ́. Mo ti rò pé ohun ńlá kan máa ṣẹlẹ̀ nínú mi. Adájọ́ bi mí bóyá mo gbọ́ ohun tí wọ́n kà yé, mo ní mo gbọ́. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni fi ipá mú mi, mo ní rárá. Ó fọwọ́ sí i, ó pe ẹjọ́ tó kàn. Tóyìn di ọwọ́ mi mú jáde, ó ń yọ̀ fún mi, ó ní fóònù mi máa dákẹ́ wàyí. Lóòótọ́ ni, ó dákẹ́. Báńkì àti àwọn áàpù kò pè mọ́, títí kan àwọn tí kò dáhùn ìwé Tóyìn. Kò sì sí ẹlòmíràn tó pè.

Mo ti padà sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mò ń lọ aṣọ fún ọ̀gá kan ní Festac, kì í ṣe ọ̀gá àtijọ́. Tí oṣù bá parí, owó á wọlé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á jáde lọ́jọ́ kan náà, kálukú á gba tirẹ̀. Ọdún tó kù kí n san án tán pọ̀ ju èyí tí mo lè máa rò lọ. Mi ò gbọ́dọ̀ yá owó, mi ò gbọ́dọ̀ rajà àwìn. Nígbà míràn mo máa ń ronú pé bí mo bá kú, ibo ni wọ́n máa gbé mi lọ. Mi ò ní ẹsẹ̀ ilẹ̀ kan níhìn-ín, mi ò ní ìkankan níbẹ̀ yẹn. Ìyá mi ṣì ń pè. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí mo jẹ, ṣùgbọ́n kì í béèrè ìgbà tí màá wálé mọ́, èmi náà kì í sọ ọ́.

Wọ́n dá àwọn fìrísà Àlàájà padà. Mo gbọ́ pé ọ̀kan kò lè dì mọ́, pé wọ́n ti jẹ́ kí òjò pa á níbi tí wọ́n kó wọn sí. Mo fẹ́ lọ, ojú ń tì mí. Mo rán Tóyìn lọ bẹ̀ ẹ́, ó padà wá, ó ní Àlàájà ní òun ti gbọ́, òun ti dárí jì mí. Mo di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó rí omi. Ọ̀sán Sátidé kan, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo rìn lọ sí Raji Rasaki.

Ó wà lẹ́yìn káńtà, ó ń to mílíìkì. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó gbójú sókè, ó wò mí láìsí ìbínú kankan, bí a ṣe ń wo ẹni tó ń kọjá lójú títì.

"Ẹ dìde, ẹ káàbọ̀," ó wí. "Kí lẹ fẹ́ rà?"

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ obìnrin yìí, kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ìwọ ni mo jẹ́ lẹ́nu rẹ̀, nígbà tó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó ń bá mi wí, títí kan ọjọ́ tí wọ́n ń gbé ẹrù rẹ̀ jáde. Mo dúró, mo ń retí kó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Kò sọ ọ́. Ó ń dúró de ohun tí mo fẹ́ rà.

Mo ní kó fún mi ní búrẹ́dì kan. Ó fi í sínú láílọ́ọ̀nù, ó gba owó, ó fún mi ní ṣéńjì.

"Ẹ ṣé o," ó wí. "Ẹ máa padà wá rajà."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Obìnrin kan wà lẹ́yìn mi tó fẹ́ ra ṣúgà. Mo yà fún un.